Sánmà tó kọlà lórí fọ́tò dúdú-àti-funfun: ṣé 8-bit ló jẹ̀bi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìsìnkú bàbá tó bí ìyá mi ń bọ̀, èmi ni wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ fọ́tò lé lọ́wọ́. Mo ní fọ́tò kan tí mo fi kámẹ́rà mi ya bàbá níwájú ilé wọn nírọ̀lẹ́, sánmà mọ́ kedere lẹ́yìn wọn. Mo sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun, mo fi ránṣẹ́ sí láàbù kan pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní íǹṣì 20 x 24. Nígbà tó dé, ojú bàbá dára, ṣùgbọ́n sánmà ti là gbọọrọ-gbọọrọ, ilà lórí ilà. Ẹni tó wà ní láàbù ní 8-bit ni mo fún òun, pé 16-bit ló yẹ kí n mú wá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, pé ẹ̀rọ wọn ló ti gbó. Ta ni kí n gbà gbọ́? Fọ́tò yìí kan náà la fẹ́ lò fún prógíráàmù ìsìnkú, Ṣómólú la sì ti fẹ́ tẹ ìyẹn.

* * *

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, kí ẹ̀yìn bàbá ó dára.

Bit ló ń sọ iye ìpele tí fáìlì fọ́tò lè kó láti dúdú dé funfun; bí bit bá ṣe pọ̀ tó ni ìpele á ṣe pọ̀ tó. Ohun tí ẹni láàbù yẹn sọ jọ òótọ́, ṣùgbọ́n bi í léèrè ibi tí ì bá gbé 16-bit náà gbà. Ọ̀pọ̀ láàbù tó ń fọ fọ́tò fún wa, JPEG nìkan ni wọ́n ń gbà, JPEG tí gbogbo wa ń lò kì í sì í kọjá 8-bit. Bí o bá tiẹ̀ gbé TIFF 16-bit (irú fáìlì fọ́tò mìíràn) lọ bá a, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di 8-bit kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án. Torí náà, pé o fún un ní 8-bit kọ́ ló bí ilà yẹn. Ohun tí o ti ṣe sí fọ́tò náà kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ ni mo fẹ́ mọ̀. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) lo fi yà á ni àbí JPEG? Báwo lo ṣe yọ àwọ̀ rẹ̀? Kí lo ṣe sí sánmà?

* * *

Ó dáhùn pé: "JPEG ni, ọ̀gá. RAW náà wà nínú káàdì, ṣùgbọ́n mi ò lò ó. Mo yọ àwọ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo wá fa sánmà kó dúdú díẹ̀ torí ó funfun jù. Lẹ́yìn náà mo tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú bàbá. Mo sáà ń tún un ṣe títí ó fi wù mí."

Ibẹ̀ gan-an ni. Jẹ́ ká ṣírò ó.

Nínú fáìlì 8-bit, ìpele 256 péré ló wà láti dúdú kirikiri dé funfun báláú. Fọ́tò aláwọ̀ ní 256 fún pupa, 256 fún àwọ̀ ewé, 256 fún búlúù, àdàlú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 16. Bí o bá yọ àwọ̀ kúrò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan (ẹyọ tó-tò-tó tí fọ́tò fi para pọ̀), ohun tó ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́ kò sì ju 256 lọ. Ìdí nìyẹn tí sánmà kan náà fi lè mọ́ra nígbà tó jẹ́ aláwọ̀, kó wá tú fó nígbà tó di dúdú-àti-funfun.

Ká ní sánmà rẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 180 lókè, tó ń mọ́ sí i títí dé 210 nísàlẹ̀. Ìpele 30 nìyẹn. Lórí pépà ńlá yẹn, ká ní sánmà náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Pín 40 sí ọ̀nà 30: eérú kan ṣoṣo (àwọ̀ tó wà láàárín dúdú àti funfun) á gba sẹ̀ǹtímítà kan ó lé kó tó fò sí èkejì. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ́lì 300 sí íǹṣì, ó lé ní píksẹ́lì 150 lórí ìlà kan tí wọn jọ ara wọn gẹ́lẹ́. Ìyẹn nìkan kò tíì burú, torí pé ìfò ìpele kan kì í tètè hàn lórí pépà. Àmọ́ o fa sánmà yẹn kó dúdú. Ká ní o fà á débi pé 180 sí 210 di 120 sí 180. Àyè 60 ló wà báyìí, ìpele 30 àtijọ́ náà ló sì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fi òmíràn kún wọn. Ìfò kọ̀ọ̀kan ti di méjì. O tún un fà, ó di mẹ́ta, ó di mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni sánmà kọlà, tí gọ̀ǹbọ́ àti àbààjà hàn sí gbogbo ẹbí.

Ṣí histogram fọ́tò náà wò, ìyẹn àwòrán onígi tó ń fi iye píksẹ́lì tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan hàn. Bí o bá rí àlàfo tó ṣófo láàárín àwọn igi rẹ̀, ohun tí mo ń wí nìyẹn.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó ní láàbù ti dá sí i pé àròyé lásán ni gbogbo èyí, pé ojú ènìyàn kò lè ka eérú 256 lórí pépà, pé 8-bit ni àwọn fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, oníbàárà kan kò sì padà wá jà.

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yín. Pépà dídán tó dára, dúdú rẹ̀ lè dé density (ìwọ̀n bí dúdú ṣe jinlẹ̀ tó) 2.2, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara funfun rẹ̀ padà wá tó ìlọ́po 160 ti dúdú rẹ̀. Pépà tí kò dán máa ń wà ní nǹkan bíi 1.6, ìlọ́po 40 péré. Lórí irú ìyẹn, àwọn ìpele tó sún mọ́ dúdú jù lọ máa ń wọnú ara wọn, kò sì sí ojú tó lè yà wọ́n. Bí ẹ bá ń tẹ fọ́tò ọjà, fọ́tò aṣọ òkè, fọ́tò ìgbéyàwó tí èrò kún bámú, 8-bit tó, ó tún ṣẹ́kù. Ojú kì í rí àyè wá ilà níbi tí nǹkan ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó tẹ́jú, tí eérú ti ń rọra yí padà, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀. Ní 1865 ni Ernst Mach, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Austria, ṣàlàyé pé níbi tí eérú méjì bá ti pàdé, ojú fúnra rẹ̀ máa ń bù kún ìyàtọ̀ wọn: létí ààlà, apá tó mọ́ á dà bíi pé ó túbọ̀ mọ́, apá tó ṣú á dà bíi pé ó túbọ̀ ṣú. Torí náà, ẹni tí kò lè sọ fún yín pé eérú yìí ju tọ̀hún lọ bí ẹ bá fi wọ́n hàn án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á rí ilà náà láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ bí ẹ bá fi wọ́n síra wọn.

Ní ti oníbàárà tí kò padà wá jà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn ni, wọn kì í sọ fún yín.

* * *

Wọ́n tún bi mí pé: "Ṣé kí n kàn ṣí JPEG yẹn, kí n sọ ọ́ di 16-bit, kó parí?"

Àríyànjiyàn tí mo máa ń gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, àwọn tó ń jiyàn náà sì máa ń pín sí méjì. Àwọn kan ní asán ni, pé ohun tí kò sí nínú fáìlì kò lè jáde nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ó ń ṣiṣẹ́, pé àwọn fojú ara àwọn rí i. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.

Bí fáìlì náà bá ti di dúdú-àti-funfun tẹ́lẹ̀, èrè rẹ̀ kéré. Ìpele 256 náà lo kó wọ inú ilé tó tóbi jù wọ́n lọ. Gbogbo ohun tí o máa jàǹfààní ni pé iṣẹ́ tí o bá ṣe láti ìsinsìnyí lọ kò ní máa gé ìdá (ohun tó kù lẹ́yìn odidi nọ́ńbà) sọnù.

Àmọ́ bí fáìlì náà bá ṣì ní àwọ̀, ohun tó pamọ́ sínú rẹ̀ pọ̀. Wo píksẹ́lì méjì tó wà nítòsí ara wọn nínú sánmà: ọ̀kan ní pupa 141, ewé 150, búlúù 171; èkejì ní pupa 142, ewé 150, búlúù 171. Kọ̀ǹpútà sábà máa ń mú bíi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún láti ara pupa, 59 láti ara ewé, 11 láti ara búlúù. Ti àkọ́kọ́ á jẹ́ 149.61, ti èkejì 149.91. Nínú 8-bit, méjèèjì á di 150, wọ́n ti di ọ̀kan náà. Nínú 16-bit, ìdá yẹn kò sọnù, ìyàtọ̀ wọn ṣì wà, yóò sì wúlò nígbà tí o bá fa sánmà. Ẹni tó bá sọ fáìlì aláwọ̀ di 16-bit kó tó yọ àwọ̀ rẹ̀ yóò ní eérú tó ju 256 lọ dáadáa, láti inú JPEG lásán. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ àwọ̀, tó wá sọ ọ́ di 16-bit lẹ́yìn náà, ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù yà ní "mono" (dúdú-àti-funfun), ẹ jẹ́ kó yé yín pé ẹ ti yọ àwọ̀ kúrò kí ẹ tó délé. Ẹ ya aláwọ̀.

* * *

Ẹnìkan ní, "Ayé àtijọ́ kò sí bit, fọ́tò wọn sì dára jù tiwa lọ."

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́. Ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàfọ́tò ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tó fi Èkó ṣe ibùgbé. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, fíìmù dúdú-àti-funfun ló sì fi yà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí ló kọ sí wa, ogiri tàbí aṣọ tí kò ní nǹkan lára ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ gan-an ni 8-bit ti máa ń dójú tini. Ti Ojeikere kò kọlà, torí pé kóró fàdákà ló wà lára fíìmù, kò sì sí méjì tó jókòó bákan náà. Kò sí ààlà kankan tí ojú lè dì mú.

Àwọn ọmọ sítúdíò wa lóde òní ń ya irun bí tirẹ̀, wọ́n á wá fi kọ̀ǹpútà nu ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ títí á fi dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kó ohun tí ì bá bò wọ́n láṣìírí dànù. Ẹ dá kóró díẹ̀ padà síbẹ̀! Bí ẹ bá wà ní 16-bit, ẹ fi "noise" (kóró-kóró bíi ti fíìmù) díẹ̀ sí i, èyí tí ẹ kò ní rí bí ẹ bá fa ara yín sẹ́yìn, kí ẹ tó sọ ọ́ di 8-bit. Píksẹ́lì tó yẹ kó jẹ́ 149.6 á máa bọ́ sí 149 nígbà mìíràn, sí 150 nígbà mìíràn, ojú á sì da wọ́n pọ̀. Photoshop, ètò àtúnṣe fọ́tò, fúnra rẹ̀ ní "Use Dither" nínú Color Settings fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ má pa á.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní príńtà tiyín, mo ti ń retí yín. Wọ́n ní, "Ti príńtà mi gba 16-bit, torí náà iṣẹ́ mi ju ti láàbù lọ."

Lóòótọ́, lórí Mac, dráífà (ètò tó ń darí príńtà) àwọn Epson kan ní àpótí 16-bit, Canon náà sì ní Professional Print & Layout tó ń gbé 16-bit. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó bá wù yín, kò ní pa yín lára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí orí príńtà ń ṣe: kì í po eérú, kóró íǹkì ló ń tu sílẹ̀. Níbi tí kóró bá bọ́ sí, íǹkì wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá bọ́ sí, funfun pépà ni. Dráífà ló ń pinnu bí àwọn kóró náà á ṣe fọ́n ká kí ojú lè kà wọ́n sí eérú. Fífọ́n ká yẹn fúnra rẹ̀ máa ń pa ilà ìpele kan mọ́lẹ̀. Mo ti gbé èyí tí mo tẹ̀ ní 8-bit àti èyí tí mo tẹ̀ ní 16-bit sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ fèrèsé, láti inú fáìlì kan náà tí mo ṣe ní 16-bit látìbẹ̀rẹ̀, n kò sì rí ohun tí mo lè fi búra.

Ohun tó yí fọ́tò dúdú-àti-funfun padà lórí príńtà ni íǹkì eérú. Nígbà tí Epson gbé R2400 jáde ní 2005 pẹ̀lú íǹkì K3, oríṣi dúdú mẹ́ta ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà: dúdú gan-an, dúdú fífúyẹ́, àti èyí tó túbọ̀ fúyẹ́. Ibi tó mọ́ kò nílò kóró dúdú ńlá tó jìnnà síra mọ́. Ẹni tó bá ń wá príńtà fún iṣẹ́ yìí, iye íǹkì eérú inú rẹ̀ ni kó bèèrè, kó tó bèèrè bit.

  

* * *

Padà sí fọ́tò bàbá, torí mo rí i pé RAW rẹ̀ wà. O sọ pé o tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú wọn. Ìyẹn ni pé ojú náà ṣú, bóyá fìlà ló ṣíji bò ó.

RAW kì í pín ìpele rẹ̀ bákan náà fún òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà 12-bit ní ìpele 4,096. Stop ni a ń pe ìpín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Stop tó mọ́ jù lọ nìkan gba ìdajì rẹ̀, 2,048. Èyí tó tẹ̀ lé e gba 1,024, lẹ́yìn náà 512, 256, 128. Tí o bá fi máa dé stop kẹfà, 64 ló kù. Kámẹ́rà 14-bit á ṣì ní 256 níbẹ̀. Ojú aláwọ̀ dúdú tó wà lábẹ́ fìlà, tí wọ́n yà lọ́nà tí sánmà kò fi ní funfun jù, ìsàlẹ̀ yẹn ló máa ń bọ́ sí. Àwa tí à ń ya èèyàn wa, ibẹ̀ ni bit ti ń jẹ wá níyà jù, a kì í sì í sọ ọ́. Sánmà ni gbogbo èèyàn ń sunkún lé lórí.

Torí náà, bí kámẹ́rà rẹ bá jẹ́ kí o yan 14-bit, yàn án. Kí o sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó lójú èèyàn nígbà tí o bá ń yà á, kódà bí sánmà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Sánmà kì í ṣe ẹbí yín.

* * *

Arábìnrin kan bèèrè nípa fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti ṣá, tó fẹ́ skáànù. Ẹ skáànù rẹ̀ ní 16-bit, ẹ má jáfara. Fọ́tò tó ti ṣá kò ní dúdú mọ́, kò sì ní funfun. Ó lè jẹ́ pé àárín 90 sí 170 ni gbogbo rẹ̀ há sí. Nínú 8-bit, ìpele 80 lẹ máa nà kó kún 256. Ó máa fàya. Nínú 16-bit, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpele ló wà láàárín ibẹ̀. Bí ara pépà rẹ̀ bá ti di pupa-pupa, ẹ skáànù rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀, kí ẹ tó yọ àwọ̀ náà, bí mo ṣe wí lókè.

* * *

Ṣómólú ńkọ́? Níbẹ̀, má da ara rẹ láàmù lórí bit rárá. Ẹ̀rọ ofséètì kò mọ eérú. Àmì róbótó ńlá àti kékeré ló ń lò. Bí wọ́n bá fi 2,400 dọ́ọ̀tì sí íǹṣì ṣe pléètì, tí ìlà àmì sì jẹ́ 150 sí íǹṣì, àyè 16 lọ́nà 16 ni àmì kọ̀ọ̀kan ní, ìyẹn 256. 8-bit gẹ́lẹ́, kò lé, kò dín. Ohun tó máa bà á jẹ́ níbẹ̀ ni pé íǹkì máa ń tàn lórí pépà, pàápàá pépà tí kò ní ìpara, ojú bàbá á sì ṣú ju bí o ṣe rí i lórí kọ̀ǹpútà. Mú ojú náà mọ́ díẹ̀ ju bó ṣe wù ọ́ lọ. Kí o sì fún wọn ní grayscale (fáìlì eérú nìkan, tí kò ní àwọ̀), kí wọ́n má fi íǹkì mẹ́rin po dúdú fún ọ.

Ti fírémù ńlá: ṣí RAW náà ní 16-bit. Yọ àwọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, fa sánmà, tọ́jú ojú, fi kóró díẹ̀ sí i, gé e sí ìwọ̀n tí o fẹ́ tẹ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí o sọ ọ́ di 8-bit, kí o fi pamọ́ bíi JPEG tó dára jù lọ, kí o má sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Kí o tó sanwó 20 x 24, gé apá kan sánmà níbi tí ilà ti pọ̀ jù, ní ìwọ̀n tó máa wà lórí pépà ńlá náà gan-an, kí wọ́n tẹ ìyẹn ní 4 x 6 fún ọ. Sọ fún oníláàbù pé kó pa "auto correction" rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tún fọ́tò náà fà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí o ṣe di òfo.

* * *

Ó ti padà wá: "Ọ̀gá, mo tẹ 4 x 6 náà. Ilà ti lọ! Ṣùgbọ́n sánmà fẹ́ jọ àwọ̀ ewé díẹ̀. Ṣé bit náà ni?"

Rárá, bit kọ́. Pépà aláwọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ fún ọ. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, iná pupa, iná ewé àti iná búlúù ló sì ń jí wọn. Bí ọ̀kan bá ṣáájú díẹ̀, eérú á gba àwọ̀. Ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ náà wọ̀n ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó tẹ tìrẹ, kí oògùn inú rẹ̀ sì jẹ́ tuntun. Bí wọn kò bá gbà, fi àwọ̀ bíi ti tíì fífúyẹ́ sí gbogbo fọ́tò náà fúnra rẹ, ìwọ̀nba ni o, á bo ti ewé mọ́lẹ̀, àwọn àgbà ẹbí á sì rò pé bí o ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ìyẹn náà kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wá ẹni tó ní príńtà oní íǹkì eérú. Owó rẹ̀ máa ju ti láàbù lọ, torí náà bèèrè iye kí o tó gbé fáìlì lọ.